Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ẹgbẹ́ onílé nílùú Ìbàdàn: ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa ráyè jáde

Ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa tí ẹ jẹ́ alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ onílé ní Olúyọ̀lé, Bódìjà, Mọníyà àti gbogbo àdúgbò tuntun tó yí Ìbàdàn ká,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ayálégbé tí kì í fẹ́ dá owó. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún yín lórí wàhálà yìí. Ẹ̀yin lẹ kó owó tiransifọ́mà jọ, ẹ̀yin lẹ ń bá àwọn oníná fà á, ẹ̀yin lẹ gba àwọn ọdẹ tó ń fọn fèrè lóru tí gbogbo wa fi ń fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro sùn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín lónìí, bí ẹ bá tilẹ̀ gbọ́ ìkùnsínú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Láàárọ̀, àwọn àgbà máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ yẹn kì í pẹ́ lápá ènìyàn, ìṣẹ́jú kan ti tó o. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá jókòó sórí àga yẹn láago mẹ́sàn-án lè máà dìde títí aago mọ́kànlá yóò fi lù. Á béèrè iye tí wọ́n ń ta oògùn tí kò lò. Á sọ bí Dùgbẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ Cocoa House lọ́wọ́. Bí oníbàárà mìíràn bá wọlé, á bi í pé ọmọ ilé ta ni, á sì máa wá ibi tí òun ti mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó bá yá, á ní kí n tún apá òun yẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ti àkọ́kọ́ má péye. Nọ́ńbà náà kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà kì í sọ nǹkan kan, mo kàn máa ń gbé ẹ̀rọ náà wá, nítorí kì í ṣe nọ́ńbà ni bàbá bá wá.

Àwọn tó ń wá yìí pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan ló kọ́lé fúnra wọn, tí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì parí òrùlé, tí àwọn ọmọ dàgbà níbẹ̀ tán tí wọ́n sì fò lọ. Ilé oníyàrá mẹ́fà, bàbá àti ìyá nìkan, tàbí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì. Oríṣi kejì ló máa ń ká mi lára jù: àwọn ìyá tí ọmọ lọ kó láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn tàbí Ìgbòho wá gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn, nítorí ìfẹ́ ni o, mi ò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Níbi tí wọ́n ti mú ìyá wá, Ìyá Elépo ni wọ́n ń pè é, ìyálọ́jà kékeré ni, gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹ́ lówó. Níbí, kò lórúkọ kankan ju Mọ́mì Dókítà lọ. Ọmọ àti ìyàwó ọmọ á jáde láago mẹ́fà ìdájí, wọn á ti géètì láti ìta nítorí olè, ó di alẹ́. Tẹlifíṣọ̀n wà nílé, oúnjẹ wà nínú fíríìjì. Àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ti fi kámẹ́rà sí pálọ̀, wọ́n lè pè ní ọ̀sán pé, “Mọ́mì, a rí i pé ẹ ò tíì jẹun o.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ló máa débi ọjà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lápò ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́?

Ohun kan wà tí Ìbàdàn fi lórúkọ láàárín àwọn dókítà àgbáyé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn tó máa ń mú kí àgbà ṣarán. Ìdíkàn, àdúgbò kan nínú Ìbàdàn níbí, ni wọ́n lọ, níbi tí agbo ilé ti fara ti ara wọn. Wọ́n sì lọ sí ìlú Indianapolis, lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 sọ pé lọ́dọọdún, àrùn náà ń mú ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìdíkàn, ó sì ń mú ìdá 3.24 ní Indianapolis. Ó lé ní ìlọ́po méjì. Irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi tọ̀tún tòsì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà yẹ̀ wọ́n wò.

N kò ní purọ́ fún yín pé nítorí pé wọ́n ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí náà wo oúnjẹ, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí òbí fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tún tẹ̀ lé e, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ṣáájú ní Yunifásítì Ìbàdàn kan náà. Ní 2003 sí 2004, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, láti Èkó dé Kogí àti Kwara, wọ́n sì padà lọ bẹ̀ wọ́n wò ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe, tí wọn kì í lọ sóde kí àrùn tó dé rárá, wà lára àwọn tí ìṣarán náà mú jù. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá tó ń lo wákàtí méjì lórí àga mi láàárọ̀ kò ka ìwádìí kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wá.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí gbogbo wa kó padà sí Ìdíkàn. Ẹni tó bá ti tò síbi ẹ̀rọ omi níbẹ̀ rí kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè wọlé kó má kí i. Òun ló mọ ọmọ tó sá nílé ìwé, òun ló mọ àlejò tó wọ agbo ilé láàárọ̀ tí kò tíì jáde, òun ni wọ́n á pè bí tọkọtaya bá ń jà. Bí kò bá jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oúnjẹ tó jinná, ẹnì kan á ti yọjú sí yàrá rẹ̀. Ohun tí àwọn tiwa kò ní nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń retí wọn.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìyí. Ìjọba ṣe díẹ̀. Òfin tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ wà láti 2017. Ní Èkìtì, Gómìnà Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó kan tó ti lé ní ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní 2011. Níbí lọ́dọ̀ wa, ilé ìwòsàn UCH ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní 2012, mo sì máa ń darí àwọn oníbàárà mi síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kan ní Àbújá tó lè mọ̀ pé ìyá tó wà ní ilé kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún kò tíì ṣí fèrèsé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin lẹ lè mọ̀. Ọdẹ tí ẹ ń sanwó fún ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá lálaalẹ́.

Oṣù kẹwàá, ọjọ́ kìíní, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti 1990. Ó bá ọjọ́ òmìnira wa pàdé, àsíá àti ìyíde ló sì máa ń gbé e mì. Ẹgbẹ́ tó bá rántí á ra ìrẹsì àti òróró, wọ́n á to àwọn arúgbó sórí àga ike, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ máa pín ìrẹsì, ìrẹsì kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìyá tó gba ìrẹsì lọ́jọ́ kan, ọjọ́ 364 ló kù tí kò sẹ́ni tó máa yọjú sí i.

Ó yá, ohun tí mo ń bẹ̀ fún. Kò sí èyí tó wọ́n tó géètì tí ẹ kọ́ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpàdé yín gan-an. Aago méje alẹ́ lẹ máa ń pè é, nítorí àwọn òṣìṣẹ́, ó sì yé mi. Pálọ̀ alága ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa lálẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ ó ní àwọn àgbà kì í wá sípàdé mọ́. Ẹ pè é láàárọ̀ Sátidé lóṣù kan, kó di alẹ́ lóṣù kejì, kó sì jẹ́ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tún wà níbẹ̀. Gbogbo ìkéde ti wọ inú fóònù. Ìyá tí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń pè tí wọ́n fi ń gbà lọ kò gbọ́ pé ẹ ti sún ìpàdé, kò gbọ́ pé wọ́n máa mú iná lọ lọ́jọ́ mẹ́ta, kò gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ kú títí ó fi rí àwọn tó ń na kánópì. Ẹ rán ọdẹ tàbí ọmọ kan lọ fẹnu sọ fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni.

Ó tún kan ọ̀nà. Gọ́tà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n fi pákó méjì tí kò dọ́gba bò. Mo máa ń wo ìyá kan tó ń gba orí rẹ̀ wá. Á dúró létí gọ́tà, á na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, á fi tẹ pákó àkọ́kọ́ bóyá ó ń mì. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, nítorí ọ̀kadà kì í fọn fèrè kó tó dé. Á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, á tún dúró. Nígbà yẹn ni ọmọ tó ń bá mi tajà á ti sáré jáde lọ di apá rẹ̀ mú. Ìyá yìí kò ní àìsàn kankan tó lè dá a dúró sílé, àfi gọ́tà yẹn. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí pákó sì ń yọ̀, mi ò kì í rí i. Kọnkéré orí gọ́tà pẹ̀lú irin tí wọ́n lè dì mú, mo rò pé ẹ lè fi owó ọdẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe é. Ilẹ̀kùn kékeré ara géètì náà ń kọ́? Ẹ ti í pa nítorí ààbò, ọkọ̀ sì ń gba géètì ńlá kọjá bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan ló wá ń yí po gbogbo ẹsíteètì kó tó dé ojú títì. Ọ̀dọ́ á yí i, á sì máa bú yín. Àgbà á kàn padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìdí igi kan. Ó ṣì kù díẹ̀, a kò tíì gé gbogbo wọn tán. Ẹ kan bẹ́ńṣì tó ní ẹ̀yìn síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa jókòó lé lórí tí ìbàdí á máa ro wọ́n, kí ẹ sì gbé ọpọ́n ayò méjì sí i. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48. Ẹni tó ń ta ayò ń fi orí ṣírò ohun tí ọmọ ayò tó wà nínú ihò kan yóò fọwọ́ bà kó tó kó o, ó ń rántí ohun tó wà nínú ihò alátakò rẹ̀, ó sì tún ń fi ẹnu pa ọ̀pẹ lẹ́kún. Àwọn tó dúró yí i ká tí wọn kò ta á rárá ló máa ń pariwo jù, àwọn náà sì ti kúrò nílé. Dókítà wo ló fẹ́ kọ oògùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ tí ẹ lọ, àwọn bàbá nìkan ni wọn yóò gbà á, àwọn ìyá á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ẹ bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun kò fẹ́ eré kankan, òun fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àwo iyọ̀ àti màgí síwájú géètì, kí òun máa rí ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ kọ̀, ó ní àwọn ènìyàn á sọ pé òun kò tọ́jú ìyá òun. Ìgbìmọ̀ yín lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò gbà lẹ́nu yín ju tèmi lọ. Èrè orí màgí kọ́ ni ìyá ń wá.

Fún ìrìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti lé ní 65 máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú rìn tàbí ṣe eré ìdárayá tó bá a mu lọ́sẹ̀, kó sì máa ṣe èyí tó ń mú kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà ṣubú. Pápá ilé ìwé wà nítòsí wa, òfìfo ló sì máa ń wà lówùúrọ̀ Sátidé. Ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́, lẹ́tà yín á ṣí i. Kí wọ́n jọ máa rìn yí i ká, kí wọ́n máa bú ìjọba bí wọ́n ṣe ń lọ, ìyẹn á jẹ́ kí ìṣẹ́jú náà tètè pé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni kí ẹ fún wọn níṣẹ́. Ní àdúgbò mi nìkan, mo mọ tíṣà tó kọ́ ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì, mo mọ nọ́ọ̀sì, mo mọ ẹni tó lo gbogbo ayé rẹ̀ ní NEPA, síbẹ̀ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ háyà oníná ìgboro láti wá wo tiransifọ́mà, onítọ̀hún sì dáná sun ún. Mo mọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ìwé owó fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ ní kó wá máa wo ìwé owó ẹgbẹ́. (Ẹ̀yin akápò, ẹ má bẹ̀rù.) Kí tíṣà máa gba àwọn ọmọ tó bá dé láti ilé ìwé fún wákàtí kan lábẹ́ igi yẹn, àwọn ọmọ náà á bá a fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n á sì fi bó ṣe lè dá ojú àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ hàn án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjà onílé àti ayálégbé tí ẹ ń gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá síwájú àwọn àgbà mẹ́ta. Wọn kò ní gba owó béèlì.

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀. Àwọn ìyá arúgbó kan wà ní àdúgbò wa tí àwọn aládùúgbò ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ìyá ṣe kò ju pé ó dàgbà, ó jẹ́ opó, ó ń dá sọ̀rọ̀ lọ. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tó jáde lóru tó sì ṣìnà sí òpópónà kejì, orúkọ tí wọ́n máa pè é ti wà nílẹ̀, òkúta sì lè tẹ̀ lé e. Àìsàn yẹn gan-an ló máa ń mú kí wọ́n rìn kiri. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ yín pé ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti ilé gbogbo àgbà tó wà ní òpópónà rẹ̀, ẹni tó bá sì rí ọ̀kan nínú wọn níbi tí kò yẹ, kó mú un dé ilé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kó ye gbogbo olùgbé pé abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lè fẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ onílé tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara géètì, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ “Má tọ̀ síbí” wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà kan le o. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fi iyọ̀ sọ ọ́. Ẹlòmíràn á dé ìdí igi, á ní àga òun lẹ jókòó lé. Ẹlòmíràn kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, bó ṣe ń gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyẹn, rédíò rẹ̀ tó o. Ẹ má fi tipá mú un jáde. Kí ẹnì kan kàn máa kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bó bá dáhùn láti inú ilé pé “Kí ló dé?” pẹ̀lú ìbínú, ara rẹ̀ yá nìyẹn.

Ìpàdé ẹgbẹ́ tó wà ní àdúgbò tèmi kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti fún akọ̀wé wa ní ohun mẹ́ta pé kó fi sínú ọ̀rọ̀ tí a máa jíròrò: kọnkéré orí gọ́tà, ilẹ̀kùn kékeré ara géètì, àti orúkọ àti ilé àwọn àgbà tí ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ní òun á fi sí ìparí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. Àwọn tó ti wà níbi ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà rí mọ̀ pé ìparí ìpàdé kì í dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣáájú.

Tiyín ní tòótọ́,
Aládùúgbò yín tó ń ta oògùn